Ìntánṣíìpù ní Abuja: ọ́fíìsì estate surveyor ní Garki àbí kọ́ńpínì investment ní Wuse 2? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́_Minna:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin màmá wa, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá. 400 level ni mo wà, Estate Management ni mò ń kà ní FUT Minna, IT (ìntánṣíìpù) olóṣù mẹ́fà wa ló kàn báyìí. Mo ti pín lẹ́tà kiri Abuja títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí, ibi méjì ló dá mi lóhùn. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọ́fíìsì estate surveyor ní Garki Area 11, valuation (díye lé ilé), agency (bíbá èèyàn ta ilé tàbí wá ayálégbé), gbígba rẹ́ǹtì, gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì ni wọ́n ń ṣe. Èkejì jẹ́ kọ́ńpínì kan ní Wuse 2 tó ń bá àwọn olówó ra ilé tó sì ń bójú tó owó wọn lórí ilé náà, wọ́n ní investment analysis àti asset management ni màá máa ṣe, wọ́n sì fẹ́ fún mi ní ìdánwò Excel ní Thursday. Excel tí mo mọ̀ ò ju kí n ro nǹkan pọ̀ lọ. Ká má parọ́, kò tíì yé mi dáadáa bí asset manager ṣe yàtọ̀ sí property manager. Bàbá mi ní Garki ni kí n lọ, pé iṣẹ́ tó lójú nìyẹn. Èwo ni kí n mú, kí ni mo sì lè kọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́fà?

Ẹ̀gbọ́n_Jabi:
Àbúrò, kú oríire, ibi méjì kì í ṣe kékeré, ọ̀pọ̀ ló ń wá ọ̀kan tí wọn ò rí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wà nídìí asset management ní Abuja níbí, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mú ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́rin kan ní Central Area. Ẹni tó ń rí sí i pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, pé lífítì ò há èèyàn mọ́nú, facility manager nìyẹn. Ẹni tó ń gba rẹ́ǹtì, tó ń kọ nótíìsì, tó ń bá ayálégbé ṣàdéhùn, property manager nìyẹn. Asset manager ni ẹni tó máa jókòó síwájú ẹni tó lowó, tí onítọ̀hún á máa bi í pé ṣé ká ṣì di ilé yìí mú àbí ká tà á, ṣé ká pín àjà kejì sí ọ́fíìsì kéékèèké, ayálégbé ńlá yẹn tí àdéhùn ẹ̀ máa parí lọ́dún tó ń bọ̀, tó bá jáde ta ló máa wọlé, oṣù mélòó ni ibẹ̀ á fi ṣófo, èló la máa pàdánù. Analyst ló ń ṣe ìṣirò tí asset manager máa fi dáhùn. Ìwọ ìntánì ló máa kó òǹkà tí analyst máa fi ṣírò. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ìntánì ò fi kéré lójú mi rárá, torí òǹkà tó bá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ, kò sẹ́ni tó tún máa rí i mọ́ lókè.

Ní ọdún tí mo ṣe IT tèmi, wọ́n gbé rent roll ilé kan fún mi, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ayálégbé sí pẹ̀lú rẹ́ǹtì wọn àti ọjọ́ tí àdéhùn wọn máa parí. Ogún ọ́fíìsì, orúkọ mọ́kàndínlógún. Mo ṣírò, mo kọ ọ́ pé ilé kún 95%, inú mi ń dùn. Ọ̀gá mi kàn ní dìde ká lọ. Nígbà tá a débẹ̀, gbogbo àjà kẹta, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà, eruku ti bo ilẹ̀kùn, mègáádì ní ó ti tó oṣù méje tí wọ́n ti kó jáde. Orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé torí pé wọ́n jẹ gbèsè, àwọn tó ń bójú tó ilé náà ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé gbèsè yẹn ti sọnù. Gbogbo owó tí mo kọ pé ó ń wọlé láti àjà yẹn, kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ilé tí wọ́n bá fi itọ́ mọ, ìrì ló máa wó o, bẹ́ẹ̀ náà ni model Excel, ìyẹn ìṣirò owó ilé, tí wọ́n fi ìwé lásán kọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò kì í gba rent roll tí kò ní ọjọ́ tí ayálégbé sanwó kẹ́yìn àti iye tó jẹ. Kí ilé kún yàtọ̀, kí owó wọlé yàtọ̀, méjèèjì ni kó o máa kọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Tèmi, Wuse 2.

Ìyá_Ìbejì_Kubwa:
Ọmọ mi, kú iṣẹ́. Mi ò ní gba ti Ẹ̀gbọ́n_Jabi yẹn wọlé bẹ́ẹ̀ o, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Estate surveyor tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, àjọ tó ń forúkọ àwa estate surveyor sílẹ̀, ni mí, mo ti tọ́ ìntánì tí mi ò lè ka iye wọn mọ́. Ẹni tí kò bá tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ tépù wọn yàrá, tí kò tíì bá díláálì (ájẹ́ńtì) jà lórí iye rẹ́ǹtì ní Dutse Alhaji, tí wọ́n gbé ka iwájú kọ̀ǹpútà kó máa ṣírò IRR (ìdá èrè tí owó ń mú wá lọ́dọọdún), kí ló fẹ́ fi ṣírò ẹ̀? Valuation lábẹ́ òfin, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ nìkan ló lè fọwọ́ sí i, tó o bá sì fẹ́ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọ́fíìsì irú èyí tó wà ní Garki ni ọ̀nà ti lọ tààrà. Bàbá ẹ ò ṣìnà.

Ṣùgbọ́n tí ọkàn ẹ bá ń fà sí Wuse 2, béèrè ohun kan lọ́wọ́ wọn kó o tó gbà: ta ló máa fọwọ́ sí logbook ẹ? Ṣé estate surveyor wà níbẹ̀ àbí àwọn oníṣirò owó nìkan ni? SIWES yìí, ìyẹn ètò IT àwọn akẹ́kọ̀ọ́, láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ẹ̀, ti ń ṣe é, ohun tí wọ́n fẹ́ rí nínú logbook ò sì yí padà: ohun tó o ṣe lójoojúmọ́, kí ẹni tó ń tọ́ ẹ sọ́nà níbi iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí olùkọ́ ẹ láti iléèwé bá ẹ níbẹ̀ nígbà tó bá wá. Má kọ “I assisted in the office” ní ọjọ́ márààrún. Kọ ilé tó o lọ wò, ohun tó o wọ̀n, ohun tó o ṣírò. Àwọn kan máa ń kó logbook oṣù mẹ́ta jọ kí wọ́n tó kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ tó lójú á mọ̀.

Form 8 ẹ ńkọ́, fọ́ọ̀mù ITF tí wọ́n ń kọ ní ìparí IT? Má gbàgbé kí wọ́n bá ẹ kọ ọ́ kó o tó kúrò níbẹ̀.

Alákọsílẹ̀_Garki:
Àbẹ̀kẹ́, má bẹ̀rù Excel. Accounting ni mo kà, mi ò tiẹ̀ ka Estate rárá, irú kọ́ńpínì bẹ́ẹ̀ ni mo ti ṣe ìntánṣíìpù lọ́dún tó kọjá, ìdánwò tí wọ́n fún mi ò ju wákàtí kan lọ. Wọ́n fún mi ní ilé kan, wọ́n ní kí n sọ bóyá ó yẹ ká rà á. Jẹ́ kí n fi òǹkà tèmi ṣàlàyé, àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe iye ọjà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé fúláàtì mẹ́fà ló wà nínú ilé kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦2.5 million lọ́dún. Tí gbogbo ẹ̀ bá kún, ₦15 million nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò lè kún lọ́jọ́ gbogbo, ẹni kan á jáde, ẹ máa kun ilé, ẹ máa wá ẹlòmíì, nítorí náà yọ 10%, ó ku ₦13.5 million. Wàyí o, owó tó ń jáde: ẹni tó ń bójú tó ilé gba 10% owó tó wọlé, ₦1.35 million; àtúnṣe ₦1.2 million, ìnṣọ́ránsì ₦300,000, mègáádì àti omi ₦600,000, ground rent (owó ilẹ̀ tí wọ́n ń san fún ìjọba lọ́dọọdún) ₦50,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦3.5 million. Ó ku ₦10 million, òun ni wọ́n ń pè ní NOI. Tí ẹni tó ń ta ilé bá wá ní ₦200 million, fi 200 pín 10, 5% ni, ìyẹn cap rate. Ájẹ́ńtì tó ń tà á máa sọ fún ẹ pé 7.5% ni, torí ₦15 million ló fi ń ṣírò, kò yọ nǹkan kan. Tó o bá lè ṣàlàyé ohun tó wà láàárín 7.5 àti 5 yẹn ní Thursday, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Èyí tó kù tí mo fẹ́ kó o mọ̀, torí òun ló mú kí wọ́n gbà mí: NPV inú Excel, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ iye tí owó ọjọ́ iwájú jẹ́ lónìí, rò pé owó ọdún kọ̀ọ̀kan ń wọlé ní ÌPARÍ ọdún. Lọ́dọ̀ wa níbí ńkọ́? Ayálégbé ń san rẹ́ǹtì ọdún kan tàbí méjì kó tó gbé ẹrù wọlé. Tó o bá wá da gbogbo ẹ̀ sínú NPV bẹ́ẹ̀, ₦10 million tó wà lọ́wọ́ ẹ lónìí, Excel á kà á sí ₦8.33 million tí discount rate (ìdá tí wọ́n fi ń dín owó ọjọ́ iwájú kù lọ́dún) bá jẹ́ 20%. Owó tó o fi ra ilé náà, tó o bá fi sínú àkámọ́ NPV kan náà, òun náà á tún dín kù, ilé á wá dà bí ẹni pé ó rọjú ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà lo XNPV àti XIRR, kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ owó kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ gan-an tó wọlé. Mo sọ eléyìí fún wọn nínú intáfíù, ọ̀gá yẹn gbé orí sókè.

Àbẹ̀kẹ́_Minna:
Ha, ẹ ṣé gan-an sà, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ohun kan ò yé mi. Tí ilé bá ń mú 5% wá, tí èèyàn sì lè fowó sí Treasury bill (kó yá ìjọba lówó) kó gba jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ayálégbé tó máa dààmú ẹ, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ra ilé?

Ẹ̀gbọ́n_Jabi:
Ìbéèrè tó yẹ kó o bi wọ́n nínú intáfíù nìyẹn, mo sọ òótọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, wo bí yíyá owó ṣe rí: CBN, báǹkì àpapọ̀, fi MPR (èlé tí àwọn báǹkì ń wò kí wọ́n tó yá èèyàn lówó) sí 27.5% láti oṣù kọkànlá 2024 títí di oṣù kẹsàn-án 2025 tí wọ́n sọ ọ́ di 27%. Ó ṣòro kí báǹkì yá èèyàn bíi tèmi tìẹ lówó ní iye tó kéré sí ìyẹn. Ẹni tó bá fi owó èlé irú ìyẹn ra ilé tó ń mú 5% wá, ọdọọdún ló máa ń fi owó àpò ara ẹ̀ kún un. Ìdí nìyẹn tó o fi máa rí i pé ọ̀pọ̀ ilé nílùú yìí, owó ọwọ́ wọn ni wọ́n fi rà á, wọn ò yá a, tàbí wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀ fún developer. Ohun tí wọ́n ń retí ni kí ilẹ̀ àti ilé lówó lórí sí i. Tó o bá ṣí model wọn, wàá rí i pé ibi tí wọ́n kọ iye tí wọ́n máa ta ilé náà lẹ́yìn ọdún márùn-ún sí, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú IRR ti ń wá, òun náà sì ni òǹkà tí kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀. Yí i sílẹ̀ díẹ̀, yí i sókè díẹ̀, fi Data Table inú Excel hàn wọ́n bí IRR ṣe ń fò. Má fún wọn ní òǹkà kan ṣoṣo.

Tún fi ọ̀rọ̀ dọ́là kún un, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń rà, ìlú òyìnbó ni wọ́n wà. Oṣù kẹfà 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye ẹ̀, ṣáájú ìyẹn dọ́là kan wà ní bíi ₦470, láàárín 2024 ó kọjá ₦1,500. Ẹni tó ra ilé ₦94 million nígbà tó wà ní ₦470, $200,000 ló mú wá. Ká ní ó tà á ní ₦180 million nígbà tó wà ní ₦1,500, $120,000 ló kó lọ. Nínú náírà owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, nínú dọ́là ó pàdánù. Ilé kan náà o. Nítorí náà béèrè kó o tó ṣírò: owó ta ni, owó ìlú wo ló ń kà?

Lọ́yà_Gwarinpa:
Gbogbo òǹkà yín dáa, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀, èyí sì ni Abuja. Níbí kì í ṣe gómìnà ló ni àṣẹ ilẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ FCT (agbègbè olú-ìlú), mínísítà ló ń fọwọ́ sí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àṣẹ ilẹ̀. Ọdún 99 ló sì máa ń jẹ́, ọdún wọ̀nyẹn ń kọjá lọ lójoojúmọ́. Àbẹ̀kẹ́, ohun tó o máa kọ́kọ́ béèrè nípa ilé èyíkéyìí ni ìwé ẹ̀: ṣé C of O ni, ṣé R of O (lẹ́tà ìfúnnílẹ̀ tó máa ń ṣáájú C of O) nìkan ni, ṣé ìwé Area Council ni, àbí lẹ́tà developer lásán? Ilé méjì lè jọra bí ìbejì kí owó wọn má jọra rárá nítorí ìwé. Nínú ọ̀pọ̀ estate tí wọ́n kọ́ lórí ètò mass housing, lẹ́tà developer nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹni tó rà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni sanwó, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ ṣe search, ìyẹn kí wọ́n yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò, ní AGIS, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja. Bẹ ọ̀gá ẹ kó jẹ́ kó o tẹ̀ lé ẹni tó ń lọ, wàá kọ́ ohun tí kíláàsì ò lè kọ́ ẹ.

Ground rent ₦50,000 tí Alákọsílẹ̀_Garki kọ sí ìsàlẹ̀ yẹn, má fojú kéré ẹ̀. Oṣù kẹta 2025, FCTA, àwọn tó ń ṣàkóso FCT, kéde pé àwọn gba ìwé ilẹ̀ 4,794 padà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ gbèsè ground rent fún ọdún mẹ́wàá ó lé. Maitama, Asokoro, Wuse, Garki, kì í ṣe ibi tí kò lórúkọ. Nínú model, nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá san án, gbogbo model ti tán. Béèrè rìsíìtì ẹ̀, fojú ara ẹ rí i.

Bọ̀dá_Lugbe:
Facility management lèmi wà. Kí àwọn analyst dákun máa wá bá wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ òǹkà sílẹ̀. Wọ́n á jókòó sínú ẹ́síì, wọ́n á kọ pé service charge (owó tí ayálégbé ń san fún ìtọ́jú ilé, iná àti omi) á máa lọ sókè ní 10% lọ́dọọdún. Oṣù kẹrin 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé iná Band A (ti àwọn tó ń rí iná jù) sí ₦225 fún kilowatt kan fún wákàtí kan, lójijì báyìí, ilé tí wọ́n ti gba service charge ọdún lọ́wọ́ àwọn ayálégbé ẹ̀, ibo ni wọ́n fẹ́ ti rí ìyókù? Ọrùn onílé ló máa ń wà. Tí dísẹ́ẹ̀lì bá tún gbówó lórí, bákan náà. Àbúrò, tí wọ́n bá rán ẹ lọ wo ilé, wo mítà jẹnẹrétọ̀ kó o kọ wákàtí tó ti ṣiṣẹ́, gun òkè lọ wo òrùlé lẹ́yìn òjò, wo páálí iná, bi mègáádì léèrè ìgbà tí omi ń dé. Mègáádì mọ̀ ju ọ̀gá lọ. Kí i dáadáa, tó o bá gbọ́ Hausa díẹ̀, ó dáa jù.

Àti pé tí ayálégbé bá jẹ́ kọ́ńpínì, rántí pé wọ́n á yọ 10% withholding tax (owó orí tí wọ́n ń bá ìjọba yọ) nínú rẹ́ǹtì kí wọ́n tó sanwó, owó tó wọ báǹkì ò ní bá èyí tó wà nínú àdéhùn mu, kì í ṣe pé ẹnì kan jí i. Béèrè credit note ẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀rí owó orí tí wọ́n yọ.

Ìyá_Ìbejì_Kubwa:
Bọ̀dá_Lugbe ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Àbẹ̀kẹ́, o jẹ́ ọmọbìnrin, jẹ́ kí n sọ eléyìí bí ìyá. Má dá lọ wo ilé tó ṣófo láé, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan, ì báà jẹ́ ọ̀gá ló rán ẹ. Sọ pé kí wọ́n fún ẹ lẹ́nì kejì. Ọ́fíìsì tó bá bínú sí ẹ nítorí ìyẹn, kì í ṣe ibi tó yẹ kó o wà. Má wọ “along”, mọ́tò tó ń kó èrò lójú ọ̀nà, tó bá ti di alẹ́, má sì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní òun máa bá ẹ rí ibi ìntánṣíìpù.

Ibo lo máa gbé? Tó bá jẹ́ Nyanya tàbí Mararaba, gó-síló àárọ̀ ibẹ̀ á máa jẹ wákàtí méjì lára ẹ, béèrè owó transport lọ́wọ́ wọn láìtijú.

Ọmọ_Sabo_Kaduna:
Kaduna Poly ni mo wà, oṣù mẹ́rin ni tiwa, mo ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí látàárọ̀. Ibo ni èèyàn ti lè rí òǹkà gidi fi dánra wò kó tó wọlé?

Alákọsílẹ̀_Garki:
Ìwé ìròyìn ọdọọdún àwọn REIT (owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn dá jọ láti ra ilé) tó wà lórí Nigerian Exchange, ọjà tí wọ́n ti ń ra ìpín. UPDC REIT ti wà níbẹ̀ láti 2013, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wàá rí rẹ́ǹtì tó wọlé, owó tí wọ́n ná, iye tí valuer fi sí ilé. Gbé e sínú Excel fúnra ẹ, yọ ìnáwó kúrò nínú rẹ́ǹtì, fi iye ilé pín èyí tó kù, ṣe ti ọdún mẹ́ta léra léra. Èmi lo òpin ọ̀sẹ̀ méjì lórí ẹ̀, òun ló ṣí mi lójú ju fídíò èyíkéyìí lọ. Iye tó o bá rí lórí àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó ilé, iye tí onílé ń fẹ́ nìyẹn, kì í ṣe iye tí wọ́n san. Máa pe ájẹ́ńtì mẹ́ta, mẹ́rin, béèrè èyí tí wọ́n ti parí.

Àbẹ̀kẹ́_Minna:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin màmá mi, mo padà dé. Mo ṣe ìdánwò ní Thursday. Wọ́n fún mi ní rent roll fúláàtì méjìlá, orúkọ kan wà níbẹ̀ tí àdéhùn ẹ̀ ti parí láti ọdún tó kọjá tí wọ́n ṣì ka rẹ́ǹtì ẹ̀ mọ́ ọn. Mo yọ ọ́, mo kọ ìdí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò parí ti XIRR, àkókò tán. Wọ́n gbà mí! Mo béèrè ọ̀rọ̀ logbook, ẹni tó máa tọ́ mi sọ́nà jẹ́ estate surveyor tó forúkọ sílẹ̀, mo pe bàbá mi, mo sọ fún wọn, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní wọ́n máa fún mi lówó transport. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Kubwa ni màá máa gbé. Mo ti kọ lẹ́tà dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì Garki.

Monday ni mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ilé kan ní Lokogoma la máa kọ́kọ́ lọ wò, àwa mẹ́ta. Kí ni kí n mú dání?

Ìyá_Ìbejì_Kubwa:
Inú mi dùn bí ẹni pé ọmọ bíbí inú mi ni. Bàtà pẹlẹbẹ, tépù, ìwé kékeré àti bírò méjì, kí fóònù ẹ ní iná dáadáa nítorí fọ́tò. Má ya fọ́tò ẹrù ayálégbé, má sì gbé orúkọ wọn tàbí rẹ́ǹtì wọn síbí o, ohun tó o bá rí níbẹ̀, inú ọ́fíìsì ni kó máa gbé. Jẹun kó o tó jáde. Tó o bá ti délé lálẹ́ Monday, wá sọ fún mi ní inbox pé o ti dé, ká sì wo bó o ṣe kọ logbook ọjọ́ kìíní yẹn.

Bọ̀dá_Lugbe:
Gun òrùlé yẹn o.